mpicc àti mpirun kò gbọ́ ara wọn lórí cluster wa: báwo ni ẹ ṣe ń to compiler àti MPI?

Ọmọ_Labù

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ilẹ̀ Yorùbá, èmi sì ni àwọn ọ̀gá mi ní kí n to cluster (àwọn kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ láti jọ ṣe iṣẹ́ kan) tí ẹ̀ka wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ní. Sáfà tòkúnbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Node (kọ̀ǹpútà kan nínú cluster) oníṣẹ́ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, Xeon E5-2650 v3 méjì ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà core 20 ni node kan ní. Node olórí kò tó wọn lọ́jọ́ orí, Xeon Silver ni ó wà nínú tirẹ̀. Swíìṣì gígábíìtì kan ni ó so gbogbo wọn pọ̀, a kò ní InfiniBand, irú nẹ́tíwọ̀kì tí ó yára jù ú lọ. Rocky Linux 9 ni mo gbé sórí wọn, gbogbo wọn ń rí fódà /home ti node olórí nípasẹ̀ NFS, Slurm náà sì ti ń pín iṣẹ́ fún wọn.

Quantum ESPRESSO, ètò tí ń ṣírò ìṣe ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú ohun èlò, ni àwọn ọ̀gá mi fẹ́ lò, ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, mo kọ ètò C kékeré kan tí kò ṣe ju pé kí process kọ̀ọ̀kan sọ nọ́ńbà tirẹ̀ àti iye àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. MPI ni ó ń jẹ́ kí àwọn process náà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo fi mpicc túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ẹ̀rọ lórí node olórí, mo sì fi í ránṣẹ́ sí Slurm pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ tí ìlà méjì yìí wà nínú rẹ̀:

    module load mpi/openmpi-x86_64
    mpirun -np 4 ./kaabo

Dípò kí n rí 0, 1, 2 àti 3 nínú 4, ohun tí ó jáde nìyí:

    Emi ni 0 ninu 1
    Emi ni 0 ninu 1
    Emi ni 0 ninu 1
    Emi ni 0 ninu 1

Ìkejì ni pé mo gba Intel oneAPI sílẹ̀, nítorí mo gbọ́ pé ifx, compiler Fortran ti Intel, a máa mú ètò Fortran yá ju gfortran ti GCC lọ. Nígbà tí mo kọ OMPI_FC=ifx ṣáájú mpif90, ó dá mi lóhùn báyìí:

    error #7013: This module file was not generated by any release of this compiler. [MPI]

Yàtọ̀ sí àtúnṣe àwọn nǹkan méjèèjì yìí, ohun tí ó jẹ mí lógún jù ni ètò gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣe máa ń to compiler, MPI àti àwọn library yòókù tí wọn kò fi ní máa ta ko ara wọn? Fódà wo ni ẹ máa ń kó wọn sí? Ǹjẹ́ ó yẹ kí n kọ́ GCC tuntun fúnra mi, àbí kí n fi èyí tí Rocky gbé wá ṣe é?

ÌyáLinux

O káre, ọmọ mi, bí o ṣe fi ètò kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sáré lọ kọ́ Quantum ESPRESSO lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí nǹkan bá sì wá dàrú, wọn kì í mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èsì "0 nínú 1" yẹn kì í ṣe ẹ̀bi Slurm rárá. Library MPI tí ó wà nínú ètò rẹ àti mpirun tí ó gbé e dìde kì í ṣe ọmọ ilé kan náà ni; OpenMPI àti MPICH jẹ́ ẹ̀yà MPI méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. mpirun ti OpenMPI gbé process mẹ́rin dìde lóòótọ́, ó sì fi iṣẹ́ jẹ́ wọn ní ọ̀nà tirẹ̀. Library MPICH tí ó wà nínú ètò náà wá iṣẹ́ yẹn lọ sí ibi tí òun mọ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, process kọ̀ọ̀kan wá gbà pé òun nìkan ni òun dá wà. Kọ àwọn àṣẹ yìí nínú shell kan náà tí o ti lo mpicc:

    which mpicc
    mpicc -show
    ldd ./kaabo | grep libmpi

Lórí Rocky 9, bí ìlà ìkẹ́yìn bá mú libmpi.so.12 jáde, MPICH tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìbátan rẹ̀ ni o ń lò; bí ó bá jẹ́ libmpi.so.40, OpenMPI ni. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé conda, irinṣẹ́ tí ń gbé Python àti àwọn library wọlé, ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ti fi conda gbé mpi4py (library tí ó ń jẹ́ kí Python lo MPI) wọlé rí lè ti gba mpicc mìíràn mọ́ ọn sínú fódà ilé rẹ̀, bí conda bá sì ń tan ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá wọlé, mpicc tirẹ̀ ni shell yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ìwé iṣẹ́ rẹ ní tirẹ̀ pe module OpenMPI, ìyẹn ni mpirun fi wá láti ibòmíràn.

Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe ni pé MPI kì í ṣe ètò kan pàtó. Ìwé ìlànà ni, ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1994. Ó sọ orúkọ àwọn iṣẹ́ tí a lè pè àti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ bí wọn yóò ṣe rí nínú library tí a ti kọ́ tán. MPICH, tí ó ti ọ̀dọ̀ Argonne National Laboratory ní Amẹ́ríkà wá, fi MPI_Comm ṣe nọ́ńbà lásán. OpenMPI fi í ṣe ìtọ́ka sí ibì kan nínú mẹ́mórì. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ C kan náà ni ìwọ kọ, ṣùgbọ́n ohun tí compiler mú jáde kò ṣeé gbé láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Ní 2013, àwọn tí ó ń ṣe MPICH, Intel MPI àti ti Cray fi ẹnu kò láti jọ lo ìrísí kan náà, èyí ni ó jẹ́ kí a máa rí libmpi.so.12 lọ́dọ̀ MPICH àti Intel MPI, ṣùgbọ́n OpenMPI kò sí nínú àdéhùn náà. MPI 5.0 tí ó jáde ní 2025 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìrísí kan lélẹ̀ fún gbogbo ayé, èyí tí ó wà lórí ẹ̀rọ rẹ sì ti ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ifx tún le díẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n kọ́ OpenMPI tí ó wà lórí Rocky, gfortran ni ó kọ fáìlì mpi.mod sílẹ̀, irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ìwé tí gbogbo compiler lè kà. Ọ̀nà ìkọ̀wé ti gfortran yàtọ̀ sí ti ifx pátápátá. Nínú C, ó ṣeé ṣe kí o mú un jẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni fáìlì mpi.h. Fortran kò gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, compiler ni ìpìlẹ̀, MPI ni ó tẹ̀ lé e, àwọn library ìṣirò àti ti dátà bíi FFTW, ScaLAPACK àti HDF5 sì wà lórí àwọn méjèèjì. Bí o bá yí compiler padà, àfi kí o tún gbogbo ohun tí ó wà lókè rẹ̀ kọ́.

Ojú kan ni àdá ń ní: mú gfortran, kí o sì dúró tì í. Nínú Quantum ESPRESSO, ìdí BLAS (ìṣirò mátíríìsì) àti FFT (ìyípadà Fourier) ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkókò ń lọ, nítorí náà OpenBLAS àti FFTW tí a kọ́ dáadáa yóò ṣe ọ́ lóore ju kí o pààrọ̀ compiler lọ. Bí ọkàn rẹ bá ṣì ń fà sí ti Intel, MKL, library ìṣirò ti Intel, gba kí gfortran lò ó. Bí o bá sì padà lo Intel MPI lọ́jọ́ iwájú, rántí pé gfortran ni mpif90 inú rẹ̀ máa ń pè bí o kò bá sọ ohun mìíràn fún un; mpiifx ni ó ń pe ifx.

Má kọ́ GCC. Èyí tí Rocky 9 gbé wá, GCC 11, tó fún iṣẹ́ yín. OpenMPI tí dnf, irinṣẹ́ Rocky tí ń gbé ètò wọlé, ń gbé wá náà tó.

AlágbèdẹKóòdù

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ÌyáLinux sọ àyàfi gbólóhùn ìkẹ́yìn yẹn. Ẹ dárí jì mí, mà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ti ń ṣe tiyín, níbi tí iná kì í ti í lọ. Ní tiwa níbí, bí mo bá ní kí gbogbo node fi dnf ṣe àtúnṣe ara wọn lálẹ́, ó dájú pé ọ̀kan yóò wà ní pípa nítorí bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ó bá jí, OpenMPI tirẹ̀ ti rẹ̀yìn sí ti àwọn yòókù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lórí node mẹ́ta, á sì máa kú lórí ìkẹrin, inú ìwé àkọsílẹ̀ dnf ti node kọ̀ọ̀kan nìkan ni ènìyàn sì ti lè rí ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, Ọmọ_Labù, èrò tèmi ni pé kí ẹ lo GCC ti Rocky, ṣùgbọ́n kí ẹ fúnra yín kọ́ OpenMPI àti ohun gbogbo tí ó wà lókè rẹ̀ sínú fódà kan ṣoṣo lórí node olórí, kí ẹ fi NFS hàn án fún àwọn node oníṣẹ́, kí wọ́n sì lè kà á nìkan láìlè kọ nǹkan sínú rẹ̀. /opt/apps ni èmi ń lò. Ẹ má kọ́ ohunkóhun sínú /usr/local, nítorí pé /usr/local ti node olórí kì í ṣe ti àwọn yòókù, ibẹ̀ ni "libmpi.so.40: cannot open shared object file" ti máa ń wá. Ẹ jẹ́ kí orúkọ compiler hàn nínú ojú ọ̀nà fódà náà, kí ó má baà sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti máa méfò:

    export CC=gcc CXX=g++ FC=gfortran
    ./configure --prefix=/opt/apps/gcc11/openmpi/4.1.6 \
        --with-slurm --without-ucx \
        --enable-mpirun-prefix-by-default
    make -j 8 && make install

UCX, library ìfiránṣẹ́ fún nẹ́tíwọ̀kì ayára, kò wúlò fún yín níwọ̀n ìgbà tí kò sí InfiniBand. Ìlà ìkẹ́yìn nínú configure yẹn ni ó ń jẹ́ kí mpirun sọ fún àwọn node tí ó wà lọ́nà jíjìn ibi tí library wà, tí kò fi ní di dandan pé kí ẹ máa fi ọwọ́ kọ LD_LIBRARY_PATH sínú .bashrc gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá kọ́ ọ tán, ẹ fi ompi_info wò ó bóyá gfortran ni ó dárúkọ níwájú "Fort compiler".

Fún module, ẹ gba Lmod, ètò tí ń ṣàkóso module, láti EPEL, ibi ìkó-ètò àfikún fún Rocky. Àwọn ará TACC ní Texas ni ó ṣe é, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ó ń jẹ́ family. Ẹ wo fáìlì module yìí:

    family("mpi")
    local base = "/opt/apps/gcc11/openmpi/4.1.6"
    prepend_path("PATH", pathJoin(base, "bin"))
    prepend_path("LD_LIBRARY_PATH", pathJoin(base, "lib"))

Bí ẹnì kan bá ti pe OpenMPI, tí ó tún wá pe MPICH, tí family("mpi") sì wà nínú fáìlì àwọn méjèèjì, Lmod kò ní gbà kí wọ́n jọ wà nínú shell kan náà. Ó máa yọ ti àkọ́kọ́ kí ó tó fi èkejì sí i. Kò lè dá conda dúró o, nítorí pé conda kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Ewu kan wà nínú ohun tí ẹ kọ tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí yóò ṣẹlẹ̀. Node olórí yín jẹ́ Xeon Silver, ó mọ àwọn àṣẹ CPU tí ń jẹ́ AVX-512. Àwọn node oníṣẹ́ jẹ́ ìran Haswell, AVX2 ni wọ́n mọ mọ. Bí ẹ bá jókòó sórí node olórí, tí ẹ fi -march=native kọ́ ètò, compiler á fi àwọn àṣẹ tí àwọn node oníṣẹ́ kò gbọ́ rí sínú rẹ̀, "Illegal instruction" ni ẹ ó sì máa rí, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti rìn jìnnà. Ẹ kọ -march=haswell, tàbí -march=x86-64-v3 tí GCC 11 ti mọ̀, tàbí kí ẹ lo srun láti wọ inú node oníṣẹ́ kí ẹ sì kọ́ ọ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa Spack, irinṣẹ́ tí ń kọ́ ètò àti library láti orísun. Lawrence Livermore National Laboratory ni ó ti wá, ó sì dára púpọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ to library tí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà máa ń kọ́ nǹkan fún CPU tí ó bá bá lórí ẹ̀rọ tí ó ń lò, nítorí náà ẹ kọ target=haswell fún un. Dátà tí ó sì ń jẹ kò kéré, nítorí pé láti ìpìlẹ̀ ni ó ti ń gba ẹ̀dà ohun gbogbo. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá rí bí tiwa, ẹ lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára pẹ̀lú laptop, ẹ lo "spack mirror create -D" láti kó gbogbo fáìlì orísun jọ sínú díìsìkì kan, kí ẹ sì gbé díìsìkì náà padà wá sínú yàrá sáfà. Inú tmux ni kí ẹ ti máa ṣe gbogbo iṣẹ́ kíkọ́, kí ó má baà kú bí Wi-Fi bá já.

Fún ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún tí Quantum ESPRESSO nílò, èmi kò ní lo Spack rárá. Ọwọ́ ni n óò fi kọ́ wọn.

Ọmọ_Labù

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Bí ẹ ṣe wí náà ni ó rí: libmpi.so.12 ni ldd mú jáde, inú fódà miniconda3 ni ó sì ti wá. Mo ti kọ́ OpenMPI 4.1.6 sínú /opt/apps gẹ́gẹ́ bí AlágbèdẹKóòdù ṣe fi hàn mí, mo sì pa conda kí n tó tún ètò náà kọ́. Lórí node kan, process 20 jáde, nọ́ńbà wọn sì pé láti 0 dé 19.

Ohun tí ó kù ni pé bí mo bá ní kí Slurm fún mi ní node méjì, ètò kékeré náà á sọ nọ́ńbà gbogbo process tán, ṣùgbọ́n ètò kejì tí mo kọ, èyí tí process 0 ti ń fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí process tí ó wà lórí node kejì, á kàn dákẹ́ ni. Kò ní sọ pé nǹkan kan bàjẹ́, kò sì ní parí. Mo lè fi ping àti ssh bá gbogbo node sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà. Èyí ni ohun tí "ip -br addr" fi hàn lórí ọ̀kan nínú wọn:

    lo      UNKNOWN  127.0.0.1/8
    eno1    UP       10.10.0.11/24
    eno2    DOWN
    virbr0  DOWN     192.168.122.1/24

Onísáfà

virbr0 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó jọ pé nígbà tí ẹ ń gbé Rocky sórí wọn, ẹ mú èyí tí ó ní ojú wíndò tàbí tí ó ní irinṣẹ́ ẹ̀rọ-inú-ẹ̀rọ nínú, libvirt sì bá a wọlé. Libvirt máa ń fún virbr0 ní àdírẹ́sì 192.168.122.1 lórí gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá wà, nítorí náà àwọn node yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹ́ orúkọ kan náà níbẹ̀. OpenMPI máa ń yẹ gbogbo ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì tí ó bá rí wò láti mọ èyí tí ó lè gbà dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí àwọn méjì bá ní àdírẹ́sì nínú 192.168.122.0/24, ó lè gbà pé wọ́n wà nínú nẹ́tíwọ̀kì kan náà, kí ó sì máa kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀ títí. Ètò àkọ́kọ́ yín kò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ rí i níbẹ̀.

Ẹ dán èyí wò kí ẹ tó yí ohunkóhun padà:

    mpirun --mca btl_tcp_if_include 10.10.0.0/24 -np 40 ./firanse

Bí ó bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ ìlà kan yìí sínú /opt/apps/gcc11/openmpi/4.1.6/etc/openmpi-mca-params.conf, kí ó lè di ti gbogbo ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀:

    btl_tcp_if_include = 10.10.0.0/24

Nọ́ńbà nẹ́tíwọ̀kì ni mo kọ dípò eno1, nítorí pé nínú sáfà tòkúnbọ̀ tí kò ti ilé iṣẹ́ kan náà wá, eno1 lórí ọ̀kan lè máa jẹ́ enp3s0f0 lórí èkejì.

Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wo firewalld, ètò ààbò nẹ́tíwọ̀kì ti Rocky. MPI kì í lo pọ́ọ̀tù kan pàtó láàárín àwọn node, ó máa ń mú èyí tí ó bá ṣí sílẹ̀ ni, nítorí náà kò wúlò láti máa ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi eno1 sínú zone trusted lórí node gbogbo, kí ẹ sì fi ààbò sílẹ̀ lórí ìlà tí ó ń lọ sí ìta láti node olórí. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà dá àwọn méjèèjì mọ̀ ni pé firewalld ti Rocky sábà máa ń kọ̀ ní gbangba, "No route to host" ni ẹ ó rí. Virbr0 ni ó máa ń mú ètò dákẹ́ láìsọ nǹkan kan.

Ọmọ_Labù

virbr0 ni lóòótọ́. Mo ti kọ ìlà náà sínú fáìlì, mo sì ti mú libvirt kúrò lórí gbogbo node. Ètò ìfiránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ lórí node mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo wá kọ́ Quantum ESPRESSO pẹ̀lú --enable-openmp, ó sì kọ́ láìsí àròyé. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé pw.x, ètò ìṣirò pàtàkì inú rẹ̀, lórí node mẹ́rin kò yá ju ti orí node kan lọ, ó tún falẹ̀ jù ú ni. Nígbà tí mo sì dán an wò pẹ̀lú process méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní thread 10, htop fi hàn pé core méjì péré ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí node náà.

Ọmọ_Físíìsì

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ béèrè, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó rọrùn. Bí process kò bá ju méjì lọ, OpenMPI 4 máa ń so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ core kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ẹ ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Thread mẹ́wàá tí process náà bí á wá máa du core kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ sọ fún un ní tààrà pé process kan fún socket kan, kí ó sì fún un ní core mẹ́wàá:

    export OMP_NUM_THREADS=10
    mpirun -np 8 --map-by ppr:1:socket:PE=10 --report-bindings pw.x -nk 4 -in si.in

--report-bindings á ya àwòrán ibi tí process kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Ẹ wò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí nǹkan padà, títí yóò fi mọ́ yín lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn srun ju mpirun lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó nínú "srun --mpi=list" bóyá pmix, ọ̀nà tí Slurm ń gbà bá MPI sọ̀rọ̀, wà níbẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé láti Slurm 22.05, srun kì í jogún --cpus-per-task láti ọ̀dọ̀ sbatch mọ́. Àfi kí ó tún kọ -c fún srun fúnra rẹ̀, tàbí kí ó fún SRUN_CPUS_PER_TASK ní iye náà.

Ìfàsẹ́yìn orí node mẹ́rin, swíìṣì yín ni. pw.x máa ń pín FFT láàárín process, pípín yìí sì ń béèrè pé kí gbogbo process fi nǹkan ránṣẹ́ sí gbogbo process, léraléra. Lórí node kan, inú mẹ́mórì ni ó ń bá kọjá. Bí ó bá jáde sórí gígábíìtì, kò lè ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 125 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀rọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan a sì máa gba ọ̀pọ̀ máíkírósẹ́kọ́ńdì kí ó tó dé, nígbà tí ti InfiniBand kì í ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Kò sí compiler tí ó lè wo èyí sàn.

Ohun tí ó lè ràn yín lọ́wọ́ ni -nk tí mo kọ sókè yẹn. Ó ń pín àwọn k-point (àwọn ojú ibi tí pw.x ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀ fún kírísítálì) sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe FFT tirẹ̀ láàárín ara rẹ̀, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ọ̀wọ́ kan sì ń bá èkejì sọ. Bí ọ̀wọ́ mẹ́rin bá bá node mẹ́rin mu, FFT kò ní jáde kúrò nínú node rárá. Iye process gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí iye ọ̀wọ́ náà láìṣẹ́kù, k-point yín kò sì gbọdọ̀ dín ní mẹ́rin. Bí ẹ kò bá fẹ́ lo thread, "mpirun -np 80 --map-by core" pẹ̀lú -nk 4 àti OMP_NUM_THREADS=1 á ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ dán méjèèjì wò lórí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an, nítorí pé bí k-point ṣe pọ̀ tó àti bí sẹ́ẹ̀lì yín ṣe tóbi tó ni yóò sọ èyí tí ó yá jù. Ẹ má gbàgbé mẹ́mórì: ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọn ì bá pín láàárín ara wọn, nítorí náà iṣẹ́ tí ó bá ní k-point kan péré, bíi mólíkù ńlá, kò lè jẹ àǹfààní yìí. Irú èyí, ẹ fi sílẹ̀ lórí node kan.

Ọmọ_Labù

-nk ṣiṣẹ́. Node mẹ́rin ti yá ju ọ̀kan lọ báyìí, ọ̀gá mi sì ti ń kó iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìbéèrè kékeré kan ni ó kù: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láàárín wa ń lo Python, mpi4py sì ṣe pàtàkì fún wọn. Ṣé kí n ní kí wọ́n yọ conda kúrò pátápátá ni?

ÌyáLinux

Rárá, má yọ ọ́. Ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ "conda config --set auto_activate_base false", kí conda má baà máa tan ara rẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mpi4py, kí ó ṣe àyíká conda tirẹ̀ pẹ̀lú Python nìkan nínú rẹ̀, kí ó tan án, lẹ́yìn náà ni kí ó tó pe module, kí mpicc ti /opt/apps lè wà níwájú. Kí ó wá jẹ́ kí pip kọ́ mpi4py láti orísun:

    module load openmpi/4.1.6
    MPICC=$(which mpicc) python -m pip install --no-cache-dir --no-binary=mpi4py mpi4py

--no-cache-dir yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé bí pip bá ti kọ́ ọ rí pẹ̀lú MPICH, èyí tí ó tọ́jú pamọ́ ni yóò tún gbé jáde. Lẹ́yìn náà, kí ó tẹ "python -c 'from mpi4py import MPI; print(MPI.Get_library_version())'". Bí ohun tí ó jáde bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Open MPI v4.1.6", ó lè fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Slurm.